Bíréèkì Ọwọ́ Kékeré Nínú Ọkọ̀ Àfọwọ́kàn: Ẹ̀yìn Táyà Ni Kẹ́ Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pá bíréèkì ọwọ́ mẹ́ta ló tò sórí bẹ́ńṣì nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé wọn ní Òkè-Baálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ọ̀kan jẹ́ ti Ìjàpá, Volkswagen àtijọ́: ó tín-ín-rín, ó dúdú, bọ́tìnnì orí rẹ̀ ti fọ́. Èkejì jẹ́ ti Corolla, ó gùn bí apá ọmọdé. Ẹ̀kẹta ló rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: pupa fòò, ó ń dán gbinrin, ó dúró ṣánṣán bí ọ̀pá àṣẹ. Àbúrò mi tó ń kan ọkọ̀ náà (ọmọ àbúrò bàbá mi ni, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìyẹn) fẹ́ kí n yan ọ̀kan fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ló kéré jù tó sì lágbára jù níbẹ̀?"

Mo ní kó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ná, ká lọ wo ẹ̀yìn táyà. Ojú tó fi wò mí, ẹ ó mọ̀ pé ó rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ ni.

Ọkọ̀ ọ̀hún kò tóbi. Ìjókòó méjì péré ló ní, páìpù onígun mẹ́rin ni wọ́n wẹ́ pọ̀ di ṣáásì rẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ lè na ọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Corolla ló gbé sẹ́yìn ìjókòó. Àlàfo tó wà láàárín ìjókòó méjèèjì kò ju sẹ̀ǹtímítà 14 lọ, ọ̀pá jíà sì ti gba èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Bó bá gbé ọ̀pá Corolla síbẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á máa gbá ògiri ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ fà á. Ohun tó ń mú kí àwọn tó ń kan irú ọkọ̀ eré ìje bẹ́ẹ̀ máa wá ọ̀pá kúkúrú kiri nìyẹn, ì báà jẹ́ ní Òṣogbo tàbí ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí àṣà náà ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn rú ni pé wọ́n rò pé ọ̀pá tí ọwọ́ dì mú ni bíréèkì ọwọ́. Nǹkan mẹ́ta ló so kọ́ra: ohun tó ń fún táyà mú lẹ́yìn, okùn irin tó ń gbé agbára lọ bá a (kébù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é), àti ọ̀pá. Ọ̀pá ló gbẹ̀yìn nínú ohun tó yẹ kéèyàn yàn. Ẹni tó bá fi ọ̀pá ṣáájú ti ra ìlẹ̀kùn kó tó mọ bí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.

Kí ló wà lẹ́yìn táyà?

Dúróòmù ni mo kọ́kọ́ máa ń gbàdúrà pé kí n bá níbẹ̀. Ó dà bí agolo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà, ṣúù méjì sì wà nínú rẹ̀, ìyẹn irin kọdọrọ tí a lẹ láínì, ohun tó ń fara gbá dúróòmù, mọ́ lójú. Tí kébù bá fa apá kékeré inú rẹ̀, apá yẹn á ti ṣúù méjèèjì síta, wọ́n á sì fún dúróòmù mú. Ìjàpá ní in lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ Corolla ọdún 2003 sí 2008 tó kún ìgboro wa náà ní in. Ohun tó dára nínú dúróòmù ni pé bó ṣe ń gbìyànjú láti yí ló ń wọ́ ọ̀kan nínú ṣúù náà mọ́ra, tí ìfúnmú náà sì ń le sí i fúnra rẹ̀. Ìwọ fà díẹ̀, òun náà bù díẹ̀ sí i. Nítorí náà, ọ̀pá kúkúrú kì í fi bẹ́ẹ̀ ni dúróòmù lára.

Òmíràn ni díìsìkì, àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà, èyí tó ní dúróòmù kékeré nínú ikùn rẹ̀. Díìsìkì ni bíréèkì ẹsẹ̀ ń lò, dúróòmù inú rẹ̀ sì wà fún bíréèkì ọwọ́ nìkan. Ẹ wo ẹ̀yìn Camry tàbí Sienna tó ní díìsìkì, ẹ ó rí i. Kò ní àbùkù púpọ̀ àfi pé àwọn tó lò ó ṣáájú ká tó rà á ní tòkunbọ̀ kì í sábà fa bíréèkì ọwọ́, nítorí náà ìpẹtà á ti jẹ apá inú rẹ̀ tàbí kí láínì ti ṣí kúrò lára ṣúù. Ẹ tú u wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn náà ni kálípà, ohun tó ń fi páàdì méjì há díìsìkì láàárín, èyí tó ní apá tí kébù ń fà lẹ́yìn rẹ̀, irú tó wà lára Golf 4. Páàdì kan náà ni ẹsẹ̀ àti ọwọ́ jọ ń lò níbẹ̀. Tí kébù bá fa apá náà, ìdè oníṣíkúrù kan nínú rẹ̀ á ti písítìnì, irin tó ń ti páàdì, síwájú. Ìdè yìí náà ló fà á tí a kì í fi ipá ti písítìnì rẹ̀ padà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ páàdì. Yíyí ni a ń yí i wọlé. Kálípà tí mo ti rí tí wọ́n fi kíláńpù fọ́ inú rẹ̀ nítorí pé ẹni tó ń ṣe é kò mọ èyí kì í ṣe díẹ̀. Irú yìí kì í ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ bíi ti dúróòmù. Ohun tí ẹ bá fà náà ni ẹ ó rí gbà.

Ti àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé ni èyí tí mọ́tò iná kékeré wà lára kálípà, tí bọ́tìnnì kan ṣoṣo sì wà níwájú awakọ̀. Kò sí ohun tó kéré ju bọ́tìnnì lọ, nítorí náà ó ń wọ àwọn ènìyàn lójú gan-an. Mọ́tò náà ń yí ṣíkúrù tí kì í yí padà fúnra rẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní yọ̀ bí iná bá lọ. Ẹ̀wẹ̀, bí bátìrì bá kú nígbà tó ti dì, kò ní tú, àyàfi tí ẹ bá gbé iná wá. Ó tún nílò àpótí kékeré kan tó mọ ìgbà tó yẹ kó dá mọ́tò dúró. Tí réwáyà bá kàn fi wáyà méjì àti súwíìṣì sí i, mọ́tò náà á máa fún un lọ títí tí nǹkan kan á fi já. Mi ò sọ pé kò ṣeé ṣe. Mo sọ pé kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ni tó ń kan ọkọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ àbúrò mi wá ń kọ́? Kò ní ìkankan nínú gbogbo èyí.

Corolla jẹ́ ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà. Ẹ́ńjìnnì, jíà, ṣáàfù, họ́ọ̀bù (ibi tí a ń de táyà mọ́) àti bíréèkì tó bá wọn rìn, iwájú ni gbogbo rẹ̀ wà. Àbúrò mi gé gbogbo ẹrù yẹn pọ̀, ó gbé e sẹ́yìn ìjókòó. Ọgbọ́n tó dára ni, ibi gbogbo láyé ni àwọn tó ń kan ọkọ̀ ti ń dá a. Ṣùgbọ́n kálípà iwájú kò ní ibi tí a ń so kébù sí, nítorí àwọn tó ṣe Corolla fi bíréèkì ọwọ́ sẹ́yìn, lára àwọn dúróòmù tí àbúrò mi ti tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tó ti ń kan ọkọ̀ yìí, kò sì sí ọjọ́ kan tó wá sí i lọ́kàn.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Èèyàn lè fi kálípà kékeré kejì kún un lórí díìsìkì kan náà, èyí tí kébù nìkan ń fà, tí kò ní ọ́ìlì nínú. Ó mọ́, ṣùgbọ́n páàdì rẹ̀ kéré, ó sì máa ń fẹ́ ìfà tó le. Ó sì lè yọ kálípà iwájú yẹn kúrò, kó fi èyí tó ní apá lẹ́yìn rọ́pò rẹ̀. Èyí ni mo fara mọ́ jù, nítorí pé kálípà ẹ̀yìn sábà máa ń ní písítìnì tó kéré sí ti iwájú. Ọkọ̀ tí ẹ bá fi kálípà iwájú sí lẹ́yìn lè máa ti táyà ẹ̀yìn pa kí ti iwájú tó mú, ẹ ó sì rí ọkọ̀ tó ń yípo lójú títì olómi. Ìyẹn tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ti Golf 4 ni a yàn. Àmọ́ kálípà rẹ̀ kò ní gba díìsìkì iwájú Corolla, tó nípọn, tó sì ní ihò afẹ́fẹ́ láàárín. Èyí tí wọ́n ṣe é fún kò ju mìlímítà 9 nípọn lọ. Orí ire ni pé ihò bóòtì márùn-ún ni Golf 4 ní lórí òbírí mìlímítà 100, Corolla tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2003 sí 2008 náà sì ní irú kan náà. Díìsìkì Golf lè jókòó sórí họ́ọ̀bù Corolla, àfi pé ihò àárín rẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó ní léètì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí irin gé, sì gbọ́dọ̀ gé òrùka tó máa gbé e sí àárín gbùngbùn. Irin kì í ṣe àjèjì ní Òṣogbo, ìlú àwọn ilé iṣẹ́ irin Steel Rolling àti Machine Tools. Kò pé ọjọ́ méjì tí a fi rí ẹni tó gé òrùka méjèèjì tó sì gbá múṣé. Mo tún fọkàn balẹ̀ torí pé Golf wúwo ju ọkọ̀ wa lọ dáadáa. Bíréèkì tó lè dá Golf dúró lórí òkè yóò dá ọkọ̀ tí gbogbo rẹ̀ kò ju 700 kìlò lọ dúró, tí a bá ti fà á bó ṣe yẹ.

Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá wà níwájú, tí ṣáàfù gígùn sì lọ sẹ́yìn, lè gbọ́ pé Land Rover àtijọ́ ń fi bíréèkì ọwọ́ sẹ́nu jíà, lórí ṣáàfù. Òótọ́ ni, ó sì kéré. Ṣùgbọ́n inú dífírẹ́ńṣà, ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, ni agbára yẹn ń gbà kọjá kó tó dé táyà. Bí ẹ bá fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan kúrò nílẹ̀, ìyẹn á máa yí lófìfo, èkejì a sì yọ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ lásìkò yẹn ni kí Ọlọ́run ṣàánú.

Ọ̀pá pupa yẹn

Ó dùn mí láti sọ fún un, nítorí owó rẹ̀ kò kéré. Ọ̀pá pupa yẹn kò ní kébù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni sìlíńdà kékeré kan wà tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ bá kálípà ẹ̀yìn. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣeré ìje ló ń lò ó láti ti táyà ẹ̀yìn pa fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ìdí ọkọ̀ lè fò yípo ní kọ́nà. Wọ́n ń pe òun náà ní bíréèkì ọwọ́ nítorí ọwọ́ ni a fi ń fà á, níbẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá. Orúkọ kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n, ó ní ibi tí wọ́n ti ń tì í pa."

Ó ní i lóòótọ́. Ọ̀pá ni ohun yẹn ń dì mú; kò lè di ọ́ìlì mú. Bí bíréèkì bá gbóná tó sì tutù, ọ́ìlì á sún kì. Bí rọ́bà inú sìlíńdà bá jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣoṣo kọjá láàárín òru, agbára inú páìpù á ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí òfin àgbáyé lórí bíréèkì ọkọ̀ kékeré, UN R13-H, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, fi là á kalẹ̀ pé nǹkan irin gidi ló gbọ́dọ̀ di bíréèkì ìdúró mú nígbà tí awakọ̀ kò sí nínú ọkọ̀. Òfin kan náà ló ní kó dá ọkọ̀ tó kún fún ẹrù dúró lórí gẹ̀rẹ́ tó jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìfà ọwọ́ má sì ju 400 niútìnì lọ. Ẹ pè é ní 40 kìlò.

Bó bá wù ú kó fi ọ̀pá pupa náà kún un lọ́jọ́ iwájú fún eré, wàhálà tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe lójú ọ̀nà Òkè-Fíà. Kò lè rọ́pò kébù.

Ohun tí ọ̀pá kúkúrú ń gbà lọ́wọ́ yín

Ẹ rántí ẹ̀rọ kànga tí a ń fi ọwọ́ fà, èyí tí apá rẹ̀ gùn tí àwọn ọmọdé máa ń rọ̀ mọ́. Tí ẹnì kan bá gé apá náà sí méjì, omi kò kúrò nínú kànga, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé kò ní lè fà á mọ́. Bíréèkì ọwọ́ kò yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ọ̀pá gígùn kan: láti ibi tó ti ń yí dé ibi tí ọwọ́ dì mú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30; láti ibi tó ti ń yí dé ibi tí kébù so mọ́ jẹ́ 4. Ẹ fi 4 pín 30, ẹ ó rí 7.5. Bí ẹ bá fi 20 kìlò fa ọ̀pá, kébù á gba 150. Ẹ wá gé ọ̀pá náà kù sí sẹ̀ǹtímítà 18. Ó di 4.5. Ìfà 20 kìlò yẹn kò mú ju 90 lọ mọ́. Ìyá yín tó bá fẹ́ páàkì ọkọ̀ náà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wá 33 kìlò kó tó rí ohun tí 20 ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n á ní: ẹ sún ihò kébù mọ́ ibi tó ti ń yí. Ó ṣe é. Bí ihò náà bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 2.4, 7.5 ti padà dé. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá kúkúrú tí wọ́n ń tà, ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ìrìn kébù. Tí ọ̀pá bá gòkè ní ìwọ̀n dígíríì 40, kébù ti àkọ́kọ́ á rìn tó mìlímítà 28. Ti kúkúrú yìí kò ní kọjá 17. Bí apá ẹ̀yìn táyà bá nílò 20 kó tó jẹ gbogbo àlàfo tán kó sì mú, ọ̀pá á ti kan òkè, bíréèkì kò sì tíì mú. Ẹ ó máa fà á, ẹ ó máa gbọ́ kà-kà-kà, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ lọ.

Kò sí ọ̀pá kan láyé tó bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí, ì báà jẹ́ pupa tàbí dúdú. Agbára tí ẹ bá jèrè, ìrìn ni ẹ fi san án. Ibi tí ọgbọ́n wà ni kí ẹ mú kí ìrìn tí ẹ̀yìn táyà ń bèèrè kéré: kí ṣúù tàbí páàdì súnmọ́ ibi tí wọ́n ń fún, kí kébù má nà, kí irin tí a so ó mọ́ má tẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wọ̀n kí ẹ tó rà. Ẹ fi ìwọ̀n ìfikọ́ tí àwọn alápatà ń lò fa apá ẹ̀yìn táyà, kí ẹnì kan máa gbìyànjú láti yí táyà. Ẹ kọ kìlò tó mú un dúró sílẹ̀, ẹ fi rúlà wọn mìlímítà tí apá náà rìn. Nọ́ńbà méjì yẹn ni kí ẹ mú lọ sọ́jà, ì báà jẹ́ Ládípò l'Ékòó tàbí Géètì n'Íbàdàn. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tó rẹwà á kúrò lójú yín.

Ọ̀pá Ìjàpá ni a padà mú. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó jókòó pẹlẹbẹ sórí àárín ọkọ̀, kébù méjì ló sì ń jáde láti ìdí rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tirẹ̀ tí a fi ń dẹ̀ ẹ́ tàbí fún un. Bọ́tìnnì orí rẹ̀ tó fọ́, a rí òmíràn ní ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀.

Àwọn ọ̀nà míì wà tí àyè bá há jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bíi ti Hiace kò gba àyè rárá, ṣùgbọ́n ìfà tààrà ni, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ agbára di púpọ̀; ẹ ó ní láti fi apá ìyípadà kan sí ojú ọ̀nà kébù, àyè tí ẹ sì jèrè á tún bọ́ sọ́wọ́ ìyẹn. Ti ẹsẹ̀ bíi ti Sienna lágbára, nítorí ẹsẹ̀ lágbára ju ọwọ́ lọ, àmọ́ nínú ọkọ̀ tó rẹlẹ̀, ibi ẹsẹ̀ kò fẹ̀ ju àpótí bàtà lọ. Àwọn kan ń gbé ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, níhà ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń wo àwòrán ọkọ̀ láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì kó rántí pé ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ wọn ń jókòó sí. Àwa ti yí sí apá ọ̀tún títì láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì ni tiwa ń jókòó sí, nítorí náà gbogbo rẹ̀ yí padà.

Fífi í sínú ọkọ̀

Àṣìṣe tèmi ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo fi bóòtì méjì di ọ̀pá mọ́ páànù ilẹ̀ ọkọ̀, páànù tí kò nípọn ju ti ìkòkò lọ. Mo fà á, ó dún dáadáa, inú mi dùn. N kò mọ̀ pé páànù ló ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, pé kébù kò rìn rárá. Ọkọ̀ náà yọ́ rìn lọ gbá ilé adìyẹ ará ilé kejì wa, adìyẹ mẹ́ta ni mo san.

Ẹ ronú sí i: bí kébù bá ń gba 150 kìlò, ibi tí ọ̀pá ti ń yí náà ń gba irú rẹ̀ ní ọ̀nà òdìkejì. Àgbàlagbà méjì ló ń fa páànù yẹn. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 3 ni kẹ́ ẹ fi sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wẹ́ ẹ mọ́ páìpù ṣáásì, kì í ṣe mọ́ páànù. Ẹ má sì jẹ́ kí iná wẹ́dà débi eyín ọ̀pá náà, èyí tó ń dún kà-kà-kà tó sì ń dì í mú. Wọ́n fi iná ṣe eyín yẹn le ni. Bí iná míì bá tún mú un, á rọ̀, á sì máa yọ̀ nígbà tí ẹ kò retí.

Kébù ní apá méjì, ti inú àti àwọ̀ òde. Bí ti inú bá ń fà, àwọ̀ òde ló ń tì padà. Nítorí náà àwọ̀ òde gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti dì gírígírí ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Bí ibẹ̀ bá tẹ̀ ní mìlímítà 3, ẹ ti sọ mìlímítà 3 nù nínú 17. Kọ́nà náà ń jẹ agbára. Bí ìfaragbá inú kébù bá jẹ́ 0.15, kọ́nà kan tó yí bí igun ilé á jẹ tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ẹ fà, méjì a sì jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Kébù tó rìn jìnnà ní títọ́ sàn ju èyí tó ṣe kọ́nà láti dín ọ̀nà kù.

Ọ̀rọ̀ kan nípa kébù ọ̀kadà, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń rò ó. Ó wọ́pọ̀, kò wọ́n, ó sì rọrùn láti gé. Ó tín-ín-rín jù fún iṣẹ́ yìí, á nà lọ́sẹ̀ kan, á sì já lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Bákan náà, ẹ má wẹ́ orí kébù. Iná ń pa okùn irin. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ ni kó di orí rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ wá èyí tó gùn tó bẹ́ ẹ ṣe fẹ́.

Kí kébù jìnnà sí sàláńsà. Kí ó sì gba ibi tí apá irin tó so táyà mọ́ ṣáásì ti ń yí kọjá, torí bí táyà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kòtò, kébù tó jìnnà síbẹ̀ á máa fà ara rẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé e títí táyà á fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ẹ wò ó. Ẹ tún tì í dé òkè, ẹ wò ó. Bí bíréèkì bá mú fúnra rẹ̀ ní ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe.

Tó bá jẹ́ kébù kan ló ti ọ̀dọ̀ ọ̀pá wá tó sì pín sí méjì, ẹ fi igi ìdọ́gba sí ibi tó ti pín: irin kékeré tí ó lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí igi tí ènìyàn méjì fi ń ru ẹrù. Láìsí i, táyà kan ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́.

Fífún un, àti dídán an wò

Ẹ̀yìn táyà ni a tún ti ń bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Ẹ kọ́kọ́ tún ṣúù tàbí páàdì ṣe bó ṣe yẹ, kí kébù dẹ̀ pátápátá, kí apá kálípà padà kan ibi ìdúró rẹ̀ ní apá méjèèjì. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wá fún kébù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe ìdàkejì rẹ̀: wọ́n fi kébù wo àìsàn tí ṣúù ń ṣe. Apá kálípà kò ní lè padà dé ìdí, páàdì á máa họ díìsìkì lójú ọ̀nà, á gbóná, ohun inú kálípà tó ń tún ara rẹ̀ ṣe kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Eyín 5 sí 7 ni mo fẹ́ràn kí ọ̀pá fi mú.

Fún ìdánwò, a wá gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn ilé. Bí ẹ ṣe máa mọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún nìyí: ẹ gbé pákó mítà kan kalẹ̀, ẹ gbé orí rẹ̀ kan sókè títí omi inú léfẹ́ẹ̀lì á fi dúró láàárín, ẹ fi tépù wọn àlàfo abẹ́ rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 20 ni ẹ ń wá. Wẹ́ẹ̀jì igi méjì wà lẹ́yìn táyà, kò fara kàn án, ó jìnnà tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró nísàlẹ̀.

Ó dúró nígbà tó kọjú sókè. Nígbà tó kọjú sísàlẹ̀, táyà ẹ̀yìn kò yí, ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ yọ̀ lórí iyanrìn tí òjò gbá wá. Àbúrò mi fọwọ́ lérí. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi bíréèkì. Bí ìdajì ìwúwo bá wà lórí táyà ẹ̀yìn, gẹ̀rẹ́ yẹn ń bèèrè lọ́wọ́ wọn pé kí agbára tí wọ́n fi di ilẹ̀ mú tó 0.4 ìwúwo tó wà lórí wọn, bí ọkọ̀ bá sì kọjú sísàlẹ̀, ìwúwo ẹ̀yìn tún ń dín kù. Títì gbígbẹ lè fún wọn. Iyanrìn kò lè fún wọn. A gbá ilẹ̀, a tún un ṣe, ó dúró.

Ìdánwò tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni ti gbígbóná. A wa ọkọ̀ náà, a ń tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́ títí díìsìkì fi gbóná, a gbé e sórí gẹ̀rẹ́, a fa ọ̀pá, a lọ jẹun. Irin tó gbóná máa ń sún kì bó bá ń tutù, páàdì á sì dẹ̀. Nígbà tí a padà dé lẹ́yìn wákàtí kan, táyà ti fẹnu kan wẹ́ẹ̀jì. A fi eyín kan kún un, a tún ṣe é látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kò kúrò lójú kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó pè mí pé eyín 5 ti di 8. Kébù tuntun ló nà, bó ṣe máa ń rí. Ó yọ ike ìdí ọ̀pá, ó fún nọ́ọ̀tì méjèèjì ní ìyípo mẹ́ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wò ó bóyá apá kálípà ṣì ń padà délẹ̀, ó sì padà sí 5.